Ọwọ́ Dà?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ìjì kú láàárọ̀ yìí. Agogo méje kọjá díẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ni.

Nọ́ọ̀sì ní òun fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́, ló bá gbá òun létí. Mo bi í pé ọwọ́ wo ló fi gbá a. Ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Ó ní ọwọ́ òsì. Mo bú sẹ́rìn-ín lójú gbogbo èèyàn. Òsì kẹ̀! Etí tí òsì yẹn ti gbá láyé yìí, èèyàn kò lè kà á tán. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, mo sunkún títí ìyàwó mi fi wá fà mí dìde.

Àbúrò bàbá mi ni. Òun ló tọ́ mi láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Lójú ayé, Àǹtí. Nínú ìwé yìí, Ìjì.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Àrá wá. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ìjì bí. Ẹni ọgọ́ta ọdún, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí ọkọ́. Àrá ni mo ń pè é níbí, nítorí kì í sọ̀rọ̀, ńṣe ló ń sán. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìsìnkú. Ó ní èmi ni kí n kọ ìtàn ayé ìyá òun, kí n sì kà á sétí gbogbo èèyàn kí wọ́n tó dé pósí. "Ẹ̀yin lẹ ṣe ọ̀gá ilé ìwé, Bọ̀dá. Ẹ kọ ọ́ kó ta." Ó ní kí n má fo ọ̀rọ̀ ìka rẹ̀ o. Kí n dárúkọ ẹni tó gé e. "Alábẹ tó ń bá a ṣiṣẹ́ yẹn! Tó bá fi lè yọjú síbẹ̀, ojú kan tó ṣẹ́ kù sí i yẹn, màá fọ́ ọ." Ó lu tábìlì. Ife tíì mi já bọ́, ó fọ́.

Mo ní ó dáa. Ohun tí mo sọ nìyẹn — ó dáa.


Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo ti ya ìwé mẹ́rin. Ibi yòówù kí n ti bẹ̀rẹ̀, ìjà ni mò ń bá pàdé.

Ilé ìtẹ̀wé rẹ̀: yàrá gígùn kan, ilẹ̀kùn níwájú, ilẹ̀kùn lẹ́yìn, ẹ̀rọ mẹ́ta, òórùn tàdáwà àti epo. Ọjọ́ tí onílé kó jàgídíjàgan mẹ́ta wá láti da ẹrù rẹ̀ síta. Ìjì kò pariwo. Ó mú róólà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú tàdáwà, ó fi yí ojú onílé láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ó dá a padà láti àgbọ̀n dé iwájú orí. Ó wá tì í sójú pópó. "Mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ kà á!" Àwọn jàgídíjàgan náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yọ bẹ́líìtì sí i. Ó gba bẹ́líìtì náà, ó fi nà án lójú, ó sì fi okùn tí a fi ń di ìwé so ó mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń kí i: "Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá." Ìrọ̀lẹ́ ló tó tú u. Bẹ́líìtì kò wọ ilé yẹn mọ́. Okùn ni ọkùnrin náà fi di ṣòkòtò títí ó fi kú.

Èmi náà jẹ ìgbájú yó. Kọ́mà ló ń pè mí, nítorí nígbà tó ń kọ́ mi ní títo lẹ́tà, kọ́mà ni mò ń kì síbi gbogbo. "Kọ́mà, ọ̀rọ̀ tìẹ kì í parí." Ìgbájú, lẹ́yìn náà, ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò. Àwọn ìwé tó tẹ̀ ló fi rán mi dé yunifásítì. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀ láyé yìí, mi ò sì fi ti ìyàwó mi ṣeré.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Kò sí. Mo tún ya ìwé méjì.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ẹkùn.

Bí a ṣe ń pe ẹ̀rọ ìgéwèé rẹ̀ nìyẹn. Abẹ rẹ̀ gùn tó apá, ó wúwo tó àgbò. Ẹni méjì ló ń lò ó. Ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ níwájú, á máa fọwọ́ to ìwé dọ́gba lábẹ́ abẹ. Ẹnì kejì á dúró lẹ́yìn, á fa ọ̀pá irin, abẹ á já wálẹ̀. Ẹni iwájú kì í rí ẹni ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹni ẹ̀yìn ń rí ọwọ́ ẹni iwájú.

Ìdí nìyẹn tí Ìjì fi ṣòfin. Ẹni tó bá fẹ́ fà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ké: "Ọwọ́ dà?" Ẹni iwájú á gbé méjèèjì sókè: "Ọwọ́ ń bẹ lókè!" Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin. Alábẹ ló ń fà á. Bọ̀dá Alábẹ ni mò ń pè é, ó fi ọdún márùn-ún jù mí lọ. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi fà á. Wọ́n ní ó máa ń pè é lójú oorun, tí ìyàwó rẹ̀ á sì gbé ọwọ́ sókè lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbẹ̀yìn, ìpè yẹn di eré láàárín èmi àti Ìjì. Ó ti lé lógójì ọdún báyìí tó jẹ́ pé, tí mo bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kì í béèrè pé ta ni. Á mọ ìkànlẹ̀kùn mi. Á ké láti inú lọ́hùn-ún: "Ọwọ́ dà?" Màá na méjèèjì sókè lẹ́nu ọ̀nà bí olè tí wọ́n ká mọ́: "Ọwọ́ ń bẹ lókè!" Ìgbà náà ló tó ń ní kí n wọlé. Èmi nìkan ló ń ṣe é fún. Mo máa ń rẹ́rìn-ín.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Kí n kọ ọ́ síbí, níwọ̀n bí mi ò ti lè kọ ọ́ síbẹ̀.

Ọdún méjìdínláàádọ́ta sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, àyà mi ga ju imú mi lọ. Èmi ni Ìjì ní kí n yẹ káàdì ìgbéyàwó kan wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Mo fi ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀ níbi tó yẹ kó jẹ́ Àbámẹ́ta. Ẹgbẹ̀ta káàdì. Ẹbí ìyàwó ya wọlé bí omi. Ìjì gbá mi létí lójú wọn, lójú àwọn òṣìṣẹ́. "Ẹ wo ọ̀mọ̀wé mi! Ó gbọ́ Látìn, kò mọ ọjọ́!" Ẹ̀rín gba ilé kan. Àbúrò ìyàwó náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Mo jáde.

Nígbà tí mo máa fi gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, wọ́n ti tún káàdì náà tẹ̀. Ìjì ti bẹ̀rẹ̀ síwájú Ẹkùn, ó ń tò wọ́n. Alábẹ lọ gbé epo. Ọ̀pá irin dá wà. Mo dì í mú. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé láti pè. Mo fà á.

Ìka mẹ́ta, ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n bọ́ sáàárín káàdì ìgbéyàwó. Kò pariwo. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo iṣẹ́ tí wọ́n bà jẹ́, ó sì ṣubú lulẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń tú yàà bí ẹ̀rọ omi. Alábẹ wọlé, ó ju agolo epo nù, ó fò mọ́ ọ̀pá irin láti gbé abẹ sókè. Èmi ti gbé Ìjì lé itan. Bí àwọn yòókù ṣe rọ́ wọlé bá wa nìyẹn: èmi nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, Alábẹ pẹ̀lú irin lọ́wọ́. Ẹnì kan ké pé, "Alábẹ ti pa Ìyá!" Gbogbo wọn kọjú sí mi. Wọ́n ní, "Ṣé òun ni?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.


Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo kọ ọ́ lánàá pé mo gbàgbé. Irọ́ ni. Nínú ìwé ara mi, lọ́jọ́ ogbó mi!

Mi ò gbàgbé. Ìpè náà ti wà lórí ahọ́n mi. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ abẹ, ọwọ́ tó gbá mi létí, òrùka ń dán lára rẹ̀. Mo gbé ìpè náà mì. Mo fà á.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ìpàdé ẹbí nílé Àrá. Bàbá Atolẹ́tà wà níbẹ̀, ẹni tó bá Ìjì to lẹ́tà fún ọgbọ̀n ọdún. Ó ti lé lọ́gọ́rin. Ó rọra ní kí wọ́n jẹ́ kí Alábẹ wá, nítorí Ìyá kò bá a jà rí.

Òótọ́ ni. Ọjọ́ kọkànlá ni Ìjì jáde nílé ìwòsàn. Kò lọ sílé. Ó lọ síbi tí Alábẹ sá sí, ó fi ọwọ́ òsì di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ gba àárín ìgboro padà sídìí Ẹkùn. "Ẹni bá lẹ́nu ọ̀rọ̀, kó wá sọ ọ́ níwájú mi." Ẹnì kan sọ ọ́. Òun ló kọ́kọ́ jẹ ìgbájú òsì. Ẹbí ní ìdáríjì ni, ọkàn rẹ̀ mọ́ bí omi òjò. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń sọ fún ara mi pé kò mọ̀.

Àrá kò jẹ́ kí bàbá náà parí ọ̀rọ̀. Ó gbá a lọ́rùn ẹ̀wù mú, ó là á mọ́ ògiri. "Ṣé ìyá rẹ ni wọ́n gé lọ́wọ́? Ìwọ ta ni?" Imú bàbá arúgbó ṣẹ̀jẹ̀ sára aṣọ funfun. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Mo jẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ ìyà mi. Ẹ̀ẹ̀kejì.

Kí n kúkú kọ èyí tó kù. Lọ́jọ́ tí abẹ já yẹn, wọ́n wọ́ Alábẹ sójú pópó. Bàtà, igi, òkúta, ohun tó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó gba àárín ẹsẹ̀ wọn wò mí níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣáà ń wò mí. Mi ò lè gba ìwò yẹn. Mo padà wọlé, mo mú òòlù onígi tí a fi ń gbá lẹ́tà dọ́gba, mo jáde, mo sì gbá ojú tó ń wò mí náà. Gbogbo ayé gbà pé èrò ló fọ́ ọ. Èmi ni.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Wọ́n rán mi lọ mú aṣọ tí wọ́n máa fi sin ín. Yàrá rẹ̀ ṣì ń rùn fún tàdáwà. Mo kan ilẹ̀kùn kí n tó wọlé. Òmùgọ̀.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, igi tó fi na olè ní ọmọ ọgọ́rin ọdún. Olè náà fẹ́ já báàgì gbà, ó na án, ó fọ́ ọ lórí, ó sì fúnra rẹ̀ di ọgbẹ́ náà fún un, ó ń bú u pé kò mọ iṣẹ́: "Tó o bá máa jalè, jí tàwọn ọ̀lẹ."

Nínú àpótí, lábẹ́ aṣọ: káàdì ìgbéyàwó kan. Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Etí rẹ̀ kan ti dúdú, ó gan. Kí ló ń fi í ṣe?


Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo lọ sílé Alábẹ. Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, Bọ̀dá Alábẹ, èmi ni. Ó ní òun rí mi, ojú kan ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé orí òòlù. Ó gbọ́ ọ tán. Ó dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó mú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó là á mọ́ mi léjìká. Ó tún là á mọ́ mi níhà. Mo dì í mú, bóyá kí n lè dá a dúró, bóyá kí n má baà ṣubú. Arúgbó méjì ń wọ́ ara wọn kiri yàrá, à ń mí hẹlẹhẹlẹ, àga dojú dé, ó gé mi lápá jẹ. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe yọ orí wọlé: "Ẹ̀yin bàbá, ẹ ò kúkú ní fara balẹ̀ kú?" Alábẹ ní kó máa lọ, iṣẹ́ àtijọ́ kan là ń parí.

Nígbà tí èémí wa balẹ̀, ó fún mi lómi. Ó ní, "Ṣé o rò pé kò mọ̀?"

Ọjọ́ tó wọ́ ọ padà yẹn ni Ìjì ti sọ fún un. Kò sí ẹni tó rò ó fún Ìjì. Ó ní, "Alábẹ kì í fà láìpè. Mi ò gbọ́ ìpè. Ẹni tí kò pè ló fà á, mo sì mọ ẹni tí mo gbá létí láàárọ̀ yẹn." Ló bá kúnlẹ̀. Ìjì! Ó kúnlẹ̀ fún ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́, ọwọ́ ṣì wà nínú báńdéèjì. Ó ní tí Alábẹ bá sọ ọ́, èrò á pa mí. Wọ́n ti tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Kó jọ̀ọ́, kó fún òun lọ́mọ náà.

"Ojú mi ló fi rà ẹ́," Alábẹ ní. "Mi ò dárí jì ẹ́. Òun ni mo fún."

Ó ṣẹ́ ku iṣẹ́ kan tí Ìjì rán an, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Kí wọ́n tó dé pósí, kí Kọ́mà pè é. Kọ́mà fúnra rẹ̀, kí gbogbo èèyàn gbọ́. "Ó ní gbogbo ọdún wọ̀nyí lòun fi ń pè é sí ẹ lẹ́nu ọ̀nà, kó o lè bi òun pé kí ló dé. O ò bi í. Ó ní ìpè kan tó ṣẹ́ kù, tìẹ ni."

Mo rò pé eré ni.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Èjìká ti wú. Ìyàwó mi ní ṣé mo ṣubú ni. Mo ní rárá, wọ́n lù mí ni. Mo sọ ìdí fún un, ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ láti ọdún mẹ́rìnlélógójì tí a ti fẹ́ra. Ó dìde, ó lọ ń fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ tí ọ̀kan fọ́. Mo gbọ́ tí òmíràn fọ́. Èkejì yẹn kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ti kọ ọ́ tán. Ojú ìwé kan. Mi ò fi kọ́mà kankan sí i.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìyàwó mi ló ń bá mi kọ èyí, mò ń sọ ọ́ láàárín eyín. Ìka mi kò ká.

Gbọ̀ngán kún. Alábẹ wá, ó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Àrá rí i, ó dìde. Mo ní, "Jẹ́ kí n kàwé yìí ná. Lẹ́yìn náà, ṣe bó o ṣe fẹ́."

Mo ka ti onílé, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ka ti ọkọ àti okùn, wọ́n pàtẹ́wọ́; nọ́ọ̀sì tí ó gbá létí pàápàá wà níbẹ̀, ó ń di etí mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wá ka ti Ẹkùn. Mo ka pé èmi ni mo fà á. Pé mi ò pè. Pé mo rí ọwọ́ rẹ̀. Mo ka ti òòlù.

Mo fi ìwé sílẹ̀, mo lọ sídìí pósí. Wọ́n ti tọ́jú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pa mọ́ sábẹ́ òsì. Mo fà á jáde, mo gbé e lé òsì lórí, kí wọ́n rí i. Mo la ẹnu. Mo ké e débi pé fèrèsé dáhùn:

"Ọwọ́ dà?"

Káàkiri gbọ̀ngán ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè. Àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí. Wọn ò rò ó. Ara wọn ló rántí. Bàbá Atolẹ́tà, pẹ̀lú owú ní imú. Ogún ọwọ́, ọgbọ̀n. Alábẹ ló gbé tirẹ̀ kẹ́yìn. "Ọwọ́ ń bẹ lókè!" Ti Ìjì nìkan ló wà nílẹ̀. Mo dúró tì í, mò ń dúró dè é, àwọn tó gbé ìdérí lọ́wọ́ sì ń dúró dè mí.

Àrá ló dé ọ̀dọ̀ mi ṣáájú.

Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹnu. Èkejì, mi ò mọ ibi tó bà. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ọwọ́ mi mọ́lẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún, ó yí gìgísẹ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ní èèyàn mẹ́fà ló fà á kúrò. Wọ́n ní Alábẹ kò bá wọn là á. Ó sún àga rẹ̀ síwájú. Ó ní òun fẹ́ rí i dáadáa.


Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Eyín méjì. Ìka méjì ṣẹ́. Wọ́n sin Ìjì láìsí mi níbẹ̀. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí, ó wọ́ bí ìkọ̀wé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Bí Ìjì náà ṣe fi òsì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé. Ó ní Àrá ni, òun nìkan, ó sì mú nǹkan onígi kan lọ́wọ́, ó jọ òòlù. Ó ní kí n má dáhùn, kí á pe ọlọ́pàá.

Ó tún kàn án. Ó wá ké — ohùn ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, àfi pé ó nípọn:

"Ọwọ́ dà?"

Mi ò mọ ohun tó bá wá. Ohun yòówù kó jẹ́, ó pè kó tó ṣe é. Èmi ò pè.

Mò ń lọ ṣí ilẹ̀kùn fún un. Mo gbọ́dọ̀ fi kálàmù sílẹ̀ ná — méjèèjì ni wọ́n ń gbé sókè.